Mítà Márùn-ún Tíṣà Olúfọlákẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé nǹkan ti le nílùú, ẹ fi rédíò sílẹ̀, ẹ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Nígbà tí owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, aṣọ mẹ́ta mẹ́ta ni àwọn ará Ailegun ní Èjìgbò ń kó wá bá Gàfárù Àyànníyì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn a sì tún máa bá a jà pé ó ń fi iṣẹ́ àwọn falẹ̀. Nígbà tó fi di 1978, ìjọba ti ń rọ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n rọra náwó, bíi pé owó wà lọ́wọ́ wa tí a ò rí nǹkan fi ṣe. Àwọn ilé-iṣẹ́ aláṣọ ní Ìsọlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá òṣìṣẹ́ dúró. Àwọn tó ń rán aṣọ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ wá ń mú ṣòkòtò àtijọ́ wá, pé kí Gàfárù bá àwọn dín ìbàdí rẹ̀ kù, torí pé ó ti ń bọ́ nídìí àwọn.

Síbẹ̀, ebi ò pa Gàfárù tó bó ṣe pa àwọn télọ̀ yòókù, ohun tó sì fà á kò ju orúkọ rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa télọ̀. Ẹni tó bá kó aṣọ fún télọ̀ ní Èkó, kí ó tó délé, á ti máa ro ọmọ télọ̀ tí yóò fi ìyókù rẹ̀ wọ bùbá. Gàfárù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá rán aṣọ tán, gbogbo ajákù rẹ̀, títí dórí èyí tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, ló máa dì mọ́ aṣọ náà fún ẹni tó ni ín. Nígbà tí owó wà, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ni àwọn fẹ́ fi àkísà ṣe. Nígbà tí aṣọ tuntun di ohun tí ènìyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ti Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì wá a wá. Orúkọ yẹn ló ń san owó ilé rẹ̀. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní nǹkan mìíràn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Tíṣà Olúfọlákẹ́ Adéyẹyè náà torí orúkọ yẹn wá. Ará Ìkẹ́rẹ́ ní Èkìtì ni, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsọlọ̀, kì í sì í fi ìṣirò sílẹ̀ sí kíláàsì bó bá ń bọ̀ nílé. Bọ́lájí ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ sílé ọkọ. Tíṣà rán Bọ́lájí lọ sí ọjà Aswani, sí ìsọ̀ Fàósátù ìyàwó Gàfárù, pé kó ra mítà márùn-ún nínú àǹkárá kan tó ní ẹyẹ aláwọ̀ ewé lára. Gàfárù fúnra rẹ̀ ló júwe ìsọ̀ náà fún wọn. Tíṣà ti ṣírò ohun gbogbo sílé: ìró, bùbá, gèlè àti ìborùn, kò ní ṣẹ́ kù, kò ní dín.

Ọjọ́ tó kó aṣọ náà wá, Rájí wà lórí bẹ́ǹṣì. Ilé-iṣẹ́ aláṣọ kan ni Rájí ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó dá a dúró. Láti ìgbà náà, bẹ́ǹṣì Gàfárù ló di ibi iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í pẹ́ dé.

"Mítà márùn-ún," ni Rájí wí. "Ṣé ẹ rí bí wọ́n ṣe rẹ́ wa jẹ? Yáàdì ni àwọn bàbá wa mọ̀. Ìdì aṣọ tó jẹ́ ogún yáàdì, ojú mi ni wọ́n ti sọ ọ́ di ogún mítà, wọ́n sì fowó lé e. Ọjà ò tà mọ́. Wọ́n ní kí èmi máa lọ sílé."

"Kì í ṣe mítà ló lé ọ lẹ́nu iṣẹ́," ni Tíṣà dá a lóhùn. "Mítà gùn ju yáàdì lọ. Bí owó bá lé, aṣọ náà lé. Gbogbo ayé ló ti ń lò ó."

"Gbogbo ayé kọ́ ló ń bá mi san owó ilé, mà."

"Rájí, tẹ́tí sí mi. Ẹni tó ń fi apá wọn aṣọ fún ọ lónìí, bó bá kó lọ sí Ìbàdàn lọ́la, ṣé yóò fi apá náà sílẹ̀ fún ọ?"

Rájí ní òun ò tíì rí ẹni tí wọ́n fi apá yàn jẹ tó bí wọ́n ṣe fi mítà yan òun jẹ. Gàfárù ń fi ọwọ́ pa aṣọ náà lára, ó ń wo bí àwọn ẹyẹ náà ṣe tò, kí ó má baà gé wọn lórí.

"Wọ̀n ọ́n lójú mi," ni Tíṣà wí fún un.

Òótọ́ ni pé Gàfárù kì í gba aṣọ ẹnikẹ́ni láìwọ̀n ọ́n lójú oníbàárà. Ó ti ń ṣe é láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. "Aṣọ tó ti ìsọ̀ ìyàwó mi wá, mà? Tí mo bá wọn aṣọ Fàósátù, ta ni màá tún fọkàn tán?" Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Gàfárù gé ìró, ó gé bùbá, ó gé gèlè. Nígbà tó kan ìborùn, aṣọ tán. Ó rò pé òun ti ṣìṣe níbì kan. Ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kò rí àṣìṣe. Kò tíì fi abẹ́rẹ́ kan án tó fi ránṣẹ́ sí Tíṣà.

"Aṣọ ò tó, mà," ni ó wí. Ojú ń tì í, torí pé irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí. "Mo yí i síwá sẹ́yìn. Ajákù rẹ̀ nìyí."

Tíṣà ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó gba téèpù lọ́rùn Gàfárù, ó tẹ́ gbogbo aṣọ náà sórí tábìlì, tòun ti ajákù, ó ń wọ̀n ọ́n lọ, ó ń ṣírò lẹ́nu. Nígbà tó parí, ó ká téèpù náà jọ dáadáa, ó gbé e kalẹ̀.

"Bọ́lájí ka mítà márùn-ún lójú ara rẹ̀. Ohun tó wà níbí, mítà mẹ́rin àti ààbọ̀, ó lé díẹ̀. Gàfárù, níbo ni ìyókù wà?"

"Mà, mi ò mọ̀."

"Bó o bá ti sọ fún mi pé àwọn ọmọ rẹ nílò rẹ̀, ǹ bá wá nǹkan ṣe sí i. Wọn kò tẹ ẹlẹ́yẹ yìí mọ́. Kò sí níbì kankan." Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ apá. "Màá fi í sílẹ̀ síbí. Bó o bá rí ìyókù, wàá rán an."

Rájí wà níbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ohun tí Rájí bá sì ti gbọ́, Èjìgbò ti gbọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá kan dé, ó ní òun kàn fẹ́ mú aṣọ òun lọ fi han àbúrò òun ni. Òmíràn dé lọ́sàn-án, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ò tíì rí owó ìránṣọ. Kò sí ẹnì kan tó pè é ní olè lójú. Wọ́n ń kí i dáadáa, wọ́n ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, wọ́n sì ń fi ojú wọn aṣọ wọn kí wọ́n tó gbé e lọ. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún jù, torí pé kò rí ọ̀rọ̀ tí yóò dá lóhùn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, pẹpẹ tó ń to aṣọ sí ti ṣófo, Rájí pẹ̀lú sì ti fa bẹ́ǹṣì jáde díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì.

Bàbá Fákúnlé, alága ẹgbẹ́ télọ̀, ránṣẹ́ pè é. Ó ní kó wá fi ẹnu kan irin lọ́jọ́ Àìkú. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é láàárín àwọn télọ̀ nìyẹn: ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yóò gbé sísọ́ọ̀sì ara rẹ̀ wá, yóò fi kan ahọ́n, yóò sì sọ ọ̀rọ̀ tí alága bá pè fún un. Ẹni tó bá búra, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí, kò sẹ́ni tó tún gbọ́dọ̀ pè é ní olè. Ẹni tí kò bá búra, wọn á gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù kan láti Èjìgbò dé Òṣòdì tí yóò fún un ní iṣẹ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, Gàfárù nìkan wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò rí iṣẹ́ ṣe. Ó tún fa aṣọ ẹlẹ́yẹ náà jáde, ó ń wọ̀n ọ́n bí Tíṣà ṣe wọ̀n ọ́n, àmọ́ apá téèpù tí òun mọ̀ ló lò, apá oníǹṣì. Ó bá ọgọ́sàn-án íǹṣì, àti bí ìbú ọwọ́ kan lé. Ó tún un wọ̀n. Télọ̀ kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé ìyẹn jẹ́ yáàdì márùn-ún gééré. Ìbú ọwọ́ tó lé yẹn kò sì ṣàjèjì sí i, torí pé ó mọ ẹni tó máa ń fi í ṣe ènì. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó gba Aswani lọ.

Ó bá Fàósátù níbi tó ti ń wọn aṣọ fún obìnrin kan. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ló ń ṣe é: ó fi ọwọ́ òsì di etí aṣọ mú mọ́ àárín àyà, ó na ọwọ́ ọ̀tún tán, ibi tí ìka rẹ̀ bá sì dé ni ọ̀pá kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yí i ká ti ra igi mítà, ṣùgbọ́n Fàósátù ní ẹni bá fẹ́ lè ré igi létí, kò sẹ́ni tó lè ré apá òun. Obìnrin náà béèrè mítà mẹ́ta. Fàósátù na ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fi ènì sí i. Obìnrin náà ṣàdúrà fún un, ó lọ.

"Ìyá Kúdí, kí lo wọ̀n fún obìnrin yẹn?"

"Mítà mẹ́ta. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

"Yáàdì ni."

"Orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn, Bàbá Kúdí. Ìjọba ló yí i padà." Ó ń ká aṣọ, kò wojú rẹ̀. "Nígbà tí wọ́n sọ ṣílè di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ṣé ṣílè yẹn kéré sí i ni, àbí ó tóbi sí i? Ṣílè náà kọ́ ni à ń ná? Ọ̀pá náà nìyí. Orúkọ ni wọ́n yí."

Gàfárù bọ́ téèpù lọ́rùn, ó fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mú mọ́ àyà ìyàwó rẹ̀, ó nà án lọ sí orí ìka rẹ̀. Yáàdì kan pé síbẹ̀. Ó yí téèpù padà sí apá kejì. Ó ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kí ó tó di mítà.

Fàósátù wo ibẹ̀. Ó gba téèpù náà, ó wọn apá ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó lórí ìdì aṣọ.

"Èyí tó máa ń ṣẹ́ kù yẹn ńkọ́?" ló béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Gàfárù mọ èyí tó ń sọ. Láti ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ aláṣọ ti di ìdì wọn ní ogún mítà, bí Fàósátù bá ta ogún tán, aṣọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀pá méjì ló máa ń ṣẹ́ kù nídìí rẹ̀. Fàósátù rò pé àwọn tó ń ta ìdì ló ń fi ṣe ènì fún àwọn aláṣọ nítorí pé ọjà ti dẹ̀. Ó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí rẹ̀ lẹ́yìn ìrun. Èyí tó ń ṣẹ́ kù yẹn ni wọ́n fi ń ra gàrí nígbà tí iṣẹ́ ìránṣọ bá fà sẹ́yìn. Òun náà ló wà lọ́rùn Kúdí ọmọ wọn lọ́jọ́ ọdún Iléyá.

Nígbà tí wọ́n délé nírọ̀lẹ́, wọn ò tètè sọ̀rọ̀. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé, nítorí náà wọ́n ní láti dúró títí àwọn ọmọ fi jáde síta.

"Wàá bá mi lọ lọ́la," ni Gàfárù wí. "Wàá ṣàlàyé fún wọn."

"Kí n sọ kí ni? Bí wọ́n bá pe télọ̀ ní olè, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún kó aṣọ wá. Bí wọ́n bá pe aláṣọ ní olè nínú Aswani, títì ni wọ́n máa da ìdì rẹ̀ sí. Ẹ mọ ohun tí ojú ìyá tó ń ta aṣọ gíní létí ìsọ̀ mi rí nígbà tí wọ́n pè é ní olè."

"Wọn ò kó aṣọ wá sọ́dọ̀ mi mọ́, Fàósátù. Pẹpẹ mi ṣófo."

"Mi ò jalè, Bàbá Kúdí."

"Èmi náà ò jalè."

Fàósátù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe Gàfárù, inú sì tún ń bí i, kò mọ èyí tí yóò mú nínú méjèèjì. Nígbà tó yá, Fàósátù nu ojú. "Ẹ lọ fi ẹnu kan irin náà," ni ó wí. "Òótọ́ ni pé ẹ ò mú un. Òótọ́ lẹ máa fi búra. Ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀, àwọn ènìyàn yín á padà. Lọ́jọ́ Ajé, màá ra igi mítà." Gàfárù rò ó, kò rí irọ́ nínú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, àgbàlá Bàbá Fákúnlé ní Ìsọlọ̀ kún. Àwọn télọ̀ jókòó sí apá kan. Tíṣà Olúfọlákẹ́ wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sórí àga níwájú. Àwọn obìnrin tó ti gba aṣọ wọn padà pọ̀ níbẹ̀, Rájí sì wà láàárín wọn. Fàósátù dúró sí ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó fi gèlè bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ń bọ̀.

Gàfárù gbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ jáde. Ó fi kan ahọ́n.

"Máa wí bí mo ṣe ń wí," ni Bàbá Fákúnlé sọ. "Èmi Gàfárù Àyànníyì."

"Èmi Gàfárù Àyànníyì."

"N kò mú lára aṣọ obìnrin yìí."

"N kò mú lára aṣọ obìnrin yìí." Ó wí i ketekete, kódà ó wojú Tíṣà bó ṣe ń wí i.

"N kò sì mọ ibi tí ìyókù rẹ̀ gbà lọ."

Gàfárù kò ro ìyẹn mọ́ ọn. Bàbá Fákúnlé tún un wí, bóyá Gàfárù ò gbọ́. Gàfárù di sísọ́ọ̀sì mú. Bó bá wí i, irọ́ ló pa pẹ̀lú irin lẹ́nu. Bó bá sọ ohun tó mọ̀, ìyàwó rẹ̀ ló tà. Ó rọra gbé sísọ́ọ̀sì náà kalẹ̀ síwájú alága.

"Ẹ máa mú un, bàbá," ni ó wí. "Mi ò lè búra ìyẹn."

Àgbàlá náà hó yèè. Ọ̀kan nínú àwọn télọ̀ pòṣé. Tíṣà dìde, kò sì dà bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Ó jọ pé ó ti ń retí kó búra. Bàbá Fákúnlé na ọwọ́ sí sísọ́ọ̀sì náà.

"Ẹ má mú un."

Fàósátù ti ń la àárín wọn bọ̀. Ó dé iwájú, ó kúnlẹ̀ fún Bàbá Fákúnlé, ó kúnlẹ̀ fún Tíṣà. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kò gbé ara rẹ̀ lárugẹ, kò sì bú ara rẹ̀: pé òun rò pé ọ̀pá kan náà ni, pé apá òun lòun fi wọ̀n ọ́n fún Bọ́lájí, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lánàá ni, ọkọ òun sì mọ̀, kò sọ. Ó na apá náà síta kí wọ́n rí i. Tíṣà gba téèpù lọ́wọ́ télọ̀ kan, ó wọn apá náà, ó wo téèpù fún ìgbà díẹ̀.

"Òótọ́ ló ń sọ," ni Tíṣà wí. Ó yíjú sí Gàfárù. "Jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Mo ti bà ọ́ lórúkọ jẹ́ láìnídìí."

"Ọwọ́ Gàfárù mọ́," ni Bàbá Fákúnlé wí, ó sì dá sísọ́ọ̀sì rẹ̀ padà fún un níṣojú gbogbo wọn.

Ìyá kan ní láàárọ̀ ọ̀la lòun máa kó aṣọ òun padà wá. Òmíràn ní òun náà. Ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu Gàfárù nígbà tí ohùn kan jáde láàárín àwọn obìnrin náà, ohùn jẹ́jẹ́.

"Fàósátù, aṣọ òkú ìyá mi tí mo rà lọ́wọ́ rẹ lọ́dún tó kọjá ńkọ́?"

"Ó dín, mà," ni Fàósátù wí.

"Mítà mẹ́fà tí mo rà fún ìkómọ ńkọ́?"

"Ó dín."

Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sún mọ́ ọn. Rájí ní wọ́n kúkú ti sọ fún gbogbo ayé pé mítà ni, ṣé Fàósátù nìkan ni wọn ò sọ fún? Ẹnì kan ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe ìyálọ́jà Aswani kí ilẹ̀ tó ṣú. Fàósátù kò dìde lórí eékún, ó ń dá wọn lóhùn bí wọ́n ṣe ń béèrè, títí Gàfárù kò fi rí i mọ́ láàárín wọn, ohùn rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́.

Gàfárù pariwo pé irọ́ ni, pé òun lòun jí aṣọ náà, kí wọ́n fi obìnrin náà sílẹ̀. Obìnrin kan tó wà lẹ́bàá rẹ̀ fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, "Gàfárù, a mọ̀ ọ́. O ò lè jalè." Ó sì lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó yí Fàósátù ká.